Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tí Ó Jẹ́ Ti Akọ̀wé

Ìyá náà kò sunkún. Ó gbé ìwé kan kalẹ̀ sórí tábìlì Adákẹ́, ó ṣí i sí ojú ewé igba ó lé mẹ́rìnlá, ó sì fi ìka tí abẹ́rẹ́ ti gún títí tó fi le sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kan.

"Ọmọ mi ló kọ èyí," ni ó wí. "Ọmọ mi wà láàyè."

Adákẹ́ wo ọ̀rọ̀ náà. *Meluno*. Kò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí, kò sì sọ nǹkan kan. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ó ti fi ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Láti ọdún kejì ni wọ́n ti ń pè é ní Adákẹ́, orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lẹ́nu ayé.

Sájẹ́ǹtì ló fa àga fún ìyá náà. Sájẹ́ǹtì ni ìkejì Adákẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin tí ó ti lé lógójì ọdún, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tó ti ẹni méjì. Àwọn ọlọ́pàá tó kù máa ń sọ pé nígbà tí wọ́n ń pín nǹkan, ọ̀kan gba ẹnu, èkejì gba etí.

Oṣù mẹ́jọ ni ọmọ ìyá aránṣọ yìí ti di àwátì. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Akọ̀wé ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí òun ló ń kọ àkọsílẹ̀ àwọn káàdì Èdè Tábìlì, ọ̀rọ̀ kan fún káàdì kan, òun ló sì ń tọ́jú wọn.

Èdè Tábìlì kì í ṣe èdè ìlú kankan. Ẹnì kan ló jókòó tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Bàbá Alágogo ni, lórí tábìlì tí ó ti ń tún agogo ṣe, ogójì ọdún ló sì fi ṣe é. Lẹ́yìn náà ni Òǹkọ̀wé kan mú èdè náà, ó fi í sẹ́nu àwọn ará ìlú kan tí òkun bò mọ́lẹ̀ nínú ìtàn àròsọ rẹ̀. Ìwé náà tàn kálẹ̀ bí iná inú pápá. Ó bí ìkejì, ó bí ìkẹta, ó di márùn-ún. Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ ń fi èdè náà kọ lẹ́tà ìfẹ́. Àwọn kan fi í jẹ́jẹ̀ẹ́ ìgbéyàwó. Àwọn kan ń fi í kéwì, rédíò sì ń gbé orin tí wọ́n fi kọ.

"Ọmọ tèmi ń fi í bú mi nílé," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Mi ò sì lè nà án, torí mi ò mọ ohun tó pè mí."

Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé àwọn tó sún mọ́ Bàbá Alágogo, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni bàbá fi ta wọ́n lọ́rẹ. *Meluno* ni ti ọmọ òun. Kò sí nínú ìwé atúmọ̀ tí àwọn òǹkàwé ń rà. Ẹlòmíràn kì í kọ ọ́, ẹlòmíràn kì í sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìwé karùn-ún yìí jáde, òun rà á nítorí ọmọ òun, òun ń ṣí i wò lásán, òun sì rí i. Ta ni ó lè kọ ọ́ bí kò bá ṣe ọmọ òun? Ó ní Òǹkọ̀wé ló gbé e pamọ́ síbì kan tí ó ti ń bá a ṣiṣẹ́.

Adákẹ́ ṣí fáìlì. Páálí kan wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ènìyàn ń fi ránṣẹ́ láti ìrìn-àjò. Wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́: *Mo rìnrìn-àjò. Ẹ má wá mi.* Oṣù kẹta tí ọmọ náà ti lọ ni ó dé. Nítorí páálí yẹn, ọ̀gá teṣàn ti pàṣẹ pé kí wọ́n pa fáìlì náà dé ní ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n wà yìí.

"Ẹ bá mi wá a," ni ìyá wí. "Tí kò bá fẹ́ rí mi mọ́, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Tó bá ti kú, ẹ sọ fún mi. Àárín méjèèjì ni mi ò lè gbé mọ́."

Ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni tó ń ka iye àgbàdo. Adákẹ́ mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Irú rẹ̀ ni òun náà ní. Ó gba ìwé náà, ó sì dìde.

*

Yàrá Bàbá Alágogo kò fẹ̀ ju ibi tí ẹni mẹ́ta lè dúró sí. Agogo bo ògiri rẹ̀, kò sì sí méjì tó sọ àkókò kan náà. Bàbá jókòó sídìí tábìlì tí ọ̀bẹ àti ìṣó ti ya lójú. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni. Ó fi awò kékeré kan há ojú ọ̀tún, ó ń wo inú agogo ọwọ́ kan tí kò ní ìfun mọ́.

Ó kí wọn káàbọ̀. Ó béèrè orúkọ wọn. Láìpẹ́ ó tún kí wọn káàbọ̀, ó tún béèrè orúkọ wọn. Sájẹ́ǹtì dá a lóhùn nígbà méjèèjì bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ ni.

Ó béèrè lọ́wọ́ bàbá ohun tí ó gbé e dé ìdí ṣíṣẹ̀dá èdè.

"Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀," ni bàbá wí, "ẹnu mi kò ríṣẹ́ ṣe."

Àpótí méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó tóbi kún fún káàdì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọ̀rọ̀ ti gbogbo ayé. Èyí tó kéré kò ju páálí bàtà ọmọdé lọ. Bàbá ṣí i. Káàdì mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀. Ó ní méje ni tẹ́lẹ̀, mẹ́ta nínú àwọn tó ni wọ́n ti kú, káàdì wọn ti lọ sínú àpótí ńlá. Mẹ́rin tó kù ni tòun fúnra òun, ti Akọ̀wé, ti Tíṣà tó ń fi èdè náà kọ́ àwọn ènìyàn níléèwé ìrọ̀lẹ́, àti ti Òǹkọ̀wé.

Adákẹ́ ṣí ìwé sí ojú ewé igba ó lé mẹ́rìnlá, ó gbé e síwájú bàbá. Kò sọ ohun tó yẹ kó wò.

Bàbá tẹ orí ba, ó ń fi awò rẹ̀ tẹ̀ lé ìlà. Ó dé ibì kan, ó dúró. Ó yọ awò lójú. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìgbà wo ló kú?" ni ó béèrè.

"Ta ni, bàbá?"

"Akọ̀wé. Ìgbà wo ló kú? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Agogo ń ró lára ògiri. Sájẹ́ǹtì sọ pé wọ́n ní ńṣe ló rìnrìn-àjò.

"Ẹni tó rìnrìn-àjò," ni bàbá wí, "a kì í kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Ó ṣàlàyé. Ó lè gbàgbé orúkọ àlejò nígbà mẹ́ta láàárín wákàtí kan, ṣùgbọ́n èyí kò tíì yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá fún ènìyàn, tirẹ̀ ni títí yóò fi kú. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ẹnu kàn án. Ọjọ́ tó bá kú, ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀ nínú wọn ni yóò kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà, nínú ohunkóhun tó bá ń kọ, kí ọ̀rọ̀ náà lè di ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tó mọ̀ tí kò sì kọ ọ́, ó dà bí ẹni tó fi òkú sílẹ̀ láìsin.

"Tí ẹni tó ni ín bá fẹ́ fi í tọrẹ nígbà tó wà láyé ńkọ́?" Adákẹ́ béèrè.

"Ó lè ṣe é. Yóò fọwọ́ sí ẹ̀yìn káàdì rẹ̀, ojú ẹni méjì."

Adákẹ́ fi orí bírò yí káàdì Akọ̀wé padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Níwájú, lábẹ́ *meluno*, bàbá ti kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní: ìdákẹ́jẹ́ inú yàrá nígbà tí agogo ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró.

Ó dá a padà síbi tó wà. Ó gba bébà pélébé kan lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì, ó bẹ bàbá pé kó bá òun fi Èdè Tábìlì kọ gbólóhùn kan sí i. Ó sọ ọ́ sí i létí. Bàbá wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ alágídí, ó sì kọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, bàbá pè wọ́n padà. Ó ti fi awò há ojú.

"Akọ̀wé ń bọ̀ lónìí àbí?"

"Kò ní wá lónìí, bàbá," ni Adákẹ́ wí.

*

Nínú ọkọ̀, Sájẹ́ǹtì ló ń wakọ̀, òun náà ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ti parí. Yàtọ̀ sí ìyá yẹn, ẹni mẹ́rin ló mọ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan ni ọmọ tí wọ́n ń wá. Ọ̀kan kò mọ òní yàtọ̀ sí àná. Tíṣà kò kọ̀wé ìtàn. Orúkọ Òǹkọ̀wé ló sì wà lára ìwé, gàdàgbà gadagba. Bẹ́ẹ̀, ó wà nínú fáìlì pé ọjọ́ méjì kí Akọ̀wé tó sọnù, alájọgbélé Òǹkọ̀wé gbọ́ tí òun àti ọmọ náà ń pariwo mọ́ra wọn.

"Kí ni a tún ń wá kiri?" ni ó béèrè. "Ẹ jẹ́ ká lọ gbé e, ọ̀gá."

"A mọ ẹni tó ni ìwé," ni Adákẹ́ wí. "A ò tíì mọ ẹni tó kọ ọ́."

Sájẹ́ǹtì wò ó lápá kan.

"Ìyá yẹn ńkọ́, ọ̀gá?"

Adákẹ́ ń wo iwájú. Ó ti mọ ohun tí ó ń bọ̀ wá sọ fún ìyá náà láti ìgbà tí bàbá ti yọ awò lójú. Ó wá inú ara rẹ̀ bóyá nǹkan kan yóò dùn ún. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tó ti kú tipiri. Ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni.

"Ó di ìgbà tí a bá rí i," ni ó wí.

*

Òǹkọ̀wé gbà wọ́n tayọ̀tayọ̀. Ọkùnrin gíga ni, irun rẹ̀ ti ń funfun létí, bàtà inú ilé rẹ̀ mọ́ ju bàtà ìta Adákẹ́ lọ. Ìwé rẹ̀ kún inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, ní oríṣiríṣi èdè tí wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa bí òun ṣe máa ń lálàá ní Èdè Tábìlì.

Adákẹ́ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó béèrè ìjà tí ó wáyé láàárín òun àti Akọ̀wé.

Òǹkọ̀wé ní kì í ṣe ìjà. Ọmọ náà lágídí díẹ̀ ni. Ó wá sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé òun tí Bàbá Alágogo kò ṣẹ̀dá. Òun sọ fún un pé kó má ka eyín mọ́ òun lẹ́nu, ni ó bá gbaná jẹ. Ìyẹn náà ni.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ojú ewé yìí?" Adákẹ́ na ìwé sí i.

"Èmi ni mo kọ ìwé mi, sà."

Adákẹ́ mú bébà pélébé náà jáde. Ó ní Bàbá Alágogo ló fi ránṣẹ́ sí i. Òǹkọ̀wé gbà á, ó kà á. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tún un kà, ó mi orí.

"Ó rẹwà," ni ó wí. "Bàbá yẹn, bó ti dàgbà tó. Ewì ni. Ewì gidi."

Kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀. Sájẹ́ǹtì, tí kò mọ ohun tó wà nínú bébà, béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Òǹkọ̀wé ní kò ṣeé túmọ̀ tán. Ó jẹ mọ́ òkun, ó jẹ mọ́ ìrántí.

"Ohun tó wà níbẹ̀," ni Adákẹ́ wí, "ni pé ejò kan wà lábẹ́ àga yín."

Kò sẹ́ni tó mira. Lẹ́yìn náà Sájẹ́ǹtì rọra tẹ̀ ba, ó wo abẹ́ àga, kí ó sáà lè dá a lójú.

Òǹkọ̀wé fi bébà náà lélẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣí kúrò lára wọn, ó lọ sára kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní òun mọ bí a ti ń kí ènìyàn ní èdè náà, òun sì mọ orúkọ òṣùpá. Bàbá fún òun ní ọ̀rọ̀ kan nítorí pé ìwé òun gbé èdè náà jáde, kì í ṣe nítorí pé òun gbọ́ ọ. Gbogbo ibi tí Èdè Tábìlì bá ti wà nínú ìwé márààrún, òun a fi àyè sílẹ̀. Tíṣà ló ń dí i.

Ó wọ yàrá, ó gbé àwọn bébà tí ó kọ́kọ́ tẹ ìwé karùn-ún sí jáde. Adákẹ́ ṣí i títí ó fi kan ibẹ̀. Òǹkọ̀wé ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé: *Obìnrin náà wọ ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni mọ́. Bá mi wá nǹkan kan fún ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀.* Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi bírò aláwọ̀ ewé kọ ìlà mẹ́ta sí. *Meluno* wà nínú ìlà kejì. Nísàlẹ̀ ojú ewé, ọwọ́ kan náà kọ ọjọ́ sí i, bí tíṣà ti máa ń ṣe sí ìwé akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tí Akọ̀wé di àwátì ni.

"Nígbà tí ọmọ náà wá gbaná jẹ fún yín," ni Adákẹ́ wí, "kí ni ẹ sọ fún un gbẹ̀yìn?"

"Mo ní kó lọ bá Tíṣà. Mo ní òun ló ń kọ wọ́n."

"Ẹ ò sọ ìyẹn fún ọlọ́pàá."

"Tí mo bá sọ ọ́," ni Òǹkọ̀wé wí, "wọ́n á mọ̀ pé èmi kọ́ ni mò ń kọ wọ́n."

*

Wọ́n fi ọjọ́rú ka ìwé. Ìyẹn ni pé Sájẹ́ǹtì pe ọmọ rẹ̀ tó ń fi èdè náà bú u, ó jókòó tì í, wọ́n jọ ń tú ìwé mẹ́rin àkọ́kọ́, wọ́n ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ bá ti wà. Ibi mọ́kàndínlógún ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún Adákẹ́, ó sì fi kún un pé òun ti mọ ohun tí ọmọ òun ń pe òun báyìí. Òun yóò yanjú ìyẹn tó bá yá.

Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n dé iléèwé ìrọ̀lẹ́. Kíláàsì kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ̀n àga ló wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n gún régé. Tíṣà nìkan ló wà nídìí tábìlì, ó ń fi bírò aláwọ̀ ewé ṣàtúnṣe sí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó lé lógójì díẹ̀, ṣọ́ọ̀kì funfun wà létí ṣòkòtò rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀kùn kan tí ó ṣí sí àtẹ̀gùn tó lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí nísàlẹ̀.

Ó kí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Adákẹ́ fún un ní bébà pélébé. Tíṣà wò ó, ó sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ló wo abẹ́ àga. Lẹ́yìn náà ló wo Adákẹ́.

"Ẹ gbọ́ ọ dáadáa," ni Adákẹ́ wí. Ó fa àga kan, ó jókòó. Ó gbé bébà Òǹkọ̀wé tí bírò aláwọ̀ ewé wà lára rẹ̀ sórí tábìlì. "Ọwọ́ yín nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló ni ọ̀rọ̀ yìí?"

Tíṣà kò wò ó. "Akọ̀wé ni."

"Ó fún yín láṣẹ?"

"Ó fún mi."

"Ẹ̀yìn káàdì rẹ̀ funfun."

Tíṣà tún àwọn iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tò, etí wọn bá ara mu. Ó ní bóyá òun gbàgbé. Iṣẹ́ pọ̀, Òǹkọ̀wé ń kán òun lójú, ọ̀rọ̀ náà kàn bọ́ sí òun lọ́wọ́ ni.

Adákẹ́ na ìwé Sájẹ́ǹtì sí i. Ó ní láàárín ọdún mọ́kànlá, ibi mọ́kàndínlógún ni Tíṣà ti nílò ọ̀rọ̀ yẹn. Níbi mọ́kàndínlógún náà, ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún ló fi ń yí i ká. Kò fi ẹnu kàn án rí. Ẹni tó ń ṣọ́ra fún ọdún mọ́kànlá kì í ṣàdédé gbàgbé.

"Kí ló yí padà, Tíṣà?"

Níta, ẹnì kan ń fa nǹkan onírin lórí kọnkéré. Nígbà tó ṣe, Tíṣà dé orí bírò rẹ̀, ó fi í sápò àyà.

"Mi ò lè sin ín," ni ó wí. "Ó yẹ kí n ṣe nǹkan kan fún un."

Sájẹ́ǹtì gbé ìwé àkọsílẹ̀ jáde. Tíṣà sọ ìyókù láìjẹ́ pé wọ́n bi í, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń ka iṣẹ́ tó ti há sórí. Láti ọdún mẹ́fà ni orí bàbá ti ń dàrú. Kò lè ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mọ́. Èdè tí kò bá rí ọ̀rọ̀ tuntun jẹ, ebi ni yóò pa á. Òun bá ń ṣẹ̀dá wọn, òun ń fi ọwọ́ bàbá kọ wọ́n, òun ń fi káàdì wọn sínú àpótí ńlá. Igba ó lé mẹ́fà ni. Àwọn ènìyàn ti fi wọ́n kọrin. Wọ́n ti fi wọ́n gbé ara wọn níyàwó. Akọ̀wé, tó mọ ọwọ́ bàbá ju bàbá lọ, rí i. Ó kó orúkọ ọ̀rọ̀ náà jọ sórí bébà, ó ní òun yóò kà wọ́n síta níwájú gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ ìpàdé àwọn tó ń sọ èdè náà, wọn yóò sì yọ gbogbo wọn kúrò. Òun bẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé ní irọ́ ni wọ́n. Orí àtẹ̀gùn yẹn ni wọ́n wà. Òun gbá bébà náà mú, Akọ̀wé fà á, òun tì í.

"Mi ò rò pé àtẹ̀gùn ga tó bẹ́ẹ̀," ni ó wí.

Ó ní nísàlẹ̀, ní igun apá òsì, wọn yóò rí ibi tí símẹ́ǹtì ti mọ́ ju ti ibi tó kù lọ. Àpò tó gbé kọ́ lọ́jọ́ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó fi kún un pé òun ló tẹ páálí tí ìyá rẹ̀ gbà. Òun rò pé yóò fọkàn ìyá náà balẹ̀.

"Ojoojúmọ́ ló ń wá sí teṣàn," ni Sájẹ́ǹtì wí.

Tíṣà mi orí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú un jáde, ó bojú wẹ̀yìn wo ọgbọ̀n àga náà.

"Ṣé wọ́n máa yọ àwọn ọ̀rọ̀ mi kúrò, sà?"

"Mi ò mọ̀," ni Adákẹ́ wí.

*

Àárọ̀ ọjọ́bọ̀ ni wọ́n lọ bá ìyá. Yàrá ìránṣọ rẹ̀ kò ní ju fèrèsé kan lọ, ẹ̀rọ rẹ̀ sì wà nídìí rẹ̀ kó lè rí ìmọ́lẹ̀. Aṣọ oníbàárà kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, búlúù, tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń tẹ ẹ̀rọ náà nígbà tí wọ́n wọlé. Ó rí ojú Sájẹ́ǹtì, kò sì dúró. Ó rán an dé òpin ojú ìrán, ó gé òwú, ó sì gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀.

Adákẹ́ kò jókòó. Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́: ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó ṣe é. Ó ní àná ni wọ́n gbé e jáde nísàlẹ̀ ilé náà, ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn dókítà.

"Ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé yẹn," ni ìyá wí, "kì í ṣe òun."

"Kì í ṣe òun, ìyá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ kò ti rí i. Ọjọ́ yẹn gan-an ni."

Ìyá náà ronú sí i. Ó béèrè bóyá ó pẹ́ kó tó kú. Adákẹ́ ní dókítà sọ pé ọrùn ni, kò pẹ́. Òótọ́ ni, ó sì dùn mọ́ Adákẹ́ nínú díẹ̀ pé kò ní láti parọ́. Ìyẹn nìkan ló rí nínú ara rẹ̀ nígbà tó wá a.

"Oṣù mẹ́jọ," ni ìyá wí. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo ṣeun. Ẹ ṣé. Ẹ̀yin méjèèjì."

Sájẹ́ǹtì dúró síbẹ̀, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Adákẹ́ kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá náà dìde. Ó béèrè ta ni yóò wọ̀ ọ́ láṣọ. Wọ́n ní àwọn ilé ìwòsàn máa ń fi aṣọ tiwọn wé e, àfi tí ẹbí bá gbé òmíràn wá. Ó ní òun yóò gbé òmíràn wá. Ó ká aṣọ búlúù ti oníbàárà, ó gbé e sápá kan. Ó fa aṣọ funfun kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó tẹ́ ẹ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún títí kò fi sí ibi tó rún lára rẹ̀ mọ́. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó mú sísọ́ọ̀sì.

Téèpù kan wà lórí ìṣó lára ògiri. Sájẹ́ǹtì, kí ó sáà lè ṣe nǹkan kan, já a, ó nà án sí i.

"Ẹ gbé e padà," ni ìyá wí. "Mo mọ ìwọ̀n ọmọ mi."

Ó sì fi sísọ́ọ̀sì sí i.